Àìsùn Tí Nulfo Kò Lọ

Ilé Tatay Krispulo, baba àgbà kan, kọjú sí ilé àwọn Nulfo gan-an, létíkun ìlú Iloilo. Láti ọjọ́ tí baba náà ti kú ni Nulfo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí olè.

Kúùkù ọkọ̀ òkun ni baba nígbà ayé rẹ̀. Òun ló kọ́ Nulfo ní oúnjẹ sísè, òun náà ló sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kúùkù ọkọ̀. Á jókòó sórí àga rọ́bà, á pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọkọ̀.

"Ìjì ń jà, ìkòkò ọbẹ̀ ń yọ̀ lórí iná. Kí lo máa ṣe?"

"Màá sá, sà."

"Sá lọ síbo, òmùgọ̀? Sínú òkun?"

Wọn a rẹ́rìn-ín títí. Àfi bí baba ṣe ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò dìde mọ́.

Ìyá Nulfo fàáké kọ́rí. "O ò gbọdọ̀ yọjú síbi àìsùn yẹn! Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í gbé oríburúkú òkú wọlé."

Bẹ́ẹ̀ oríburúkú náà ní ẹ̀rọ̀, ọmọdé àdúgbò pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti ibi àìsùn bọ̀ kì í lọ sílé tààrà. Á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á mu mínírà, á fi ibi sílẹ̀ níbẹ̀. Nulfo mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun bá fojú kan òkú, gbogbo ìdáhùn tí òun há sórí á fò lọ. Ló bá fi ìyá rẹ̀ bojú. Ojo ni, kí n má parọ́.

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú, opó baba, Nanay Doray, kan ilẹ̀kùn. Ó mú bàtà dúdú baba lọ́wọ́, ó ti nù ún dán.

"Wọ èyí lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹ lọ́la. A kì í kúkú wọ bàtà fún òkú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa dún gìrìgìrì kiri ilé."

"Nanay, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì..."

"O ń kàwé, mo mọ̀. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń béèrè ẹ nìyẹn."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni; Nulfo sì mọ̀ pé òun gan-an ni ọlọ́ṣà yìí.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìbéèrè tó ṣòro fún un ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Inú ọ̀gá tó ń bi í dùn.

"Kúùkù gidi ló kọ́ ẹ. Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, kí n pè é."

"Wọ́n ń sin ín lónìí, sà."

Ọ̀gá ju bírò sílẹ̀. "Lónìí? Dìde, máa lọ! Iṣẹ́ á dúró dè ẹ́, òkú ò ní dúró."

Nulfo ò mira lórí àga.

"Ojú wo ni màá fi wò wọ́n, sà?"