Ìbora Olówùú Tí Wọ́n Pè Ní Tírà

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a ò rí òrùlé ilé tó kọjú sí tiwa. Ètè ń sán, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbẹ táútáú, omi inú ìkòkò sì tutù bí ẹni pé ó fẹ́ bu èèyàn jẹ. Ọmọ àkọ́bí mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo fi ìró méjì wé e, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú sí ìbora rẹ̀. Mo tú ìdì àwọn ẹyọ aṣọ tí mo ti rán fún un sórí ẹní, mo kà á. Mẹ́tàlélógún. Mo tún un kà. Mẹ́tàlélógún náà ni, bẹ́ẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni mo dì pamọ́.

Kí n tó lọ sílé ọkọ, mo bá ìyàwó tíṣà kan ṣiṣẹ́ ilé. Ó ní ìbora kan tó fi àgékù aṣọ rán, tó ki òwú sí nínú. Ẹni tó bá bò ó, ọyẹ́ ò rí i gbé ṣe. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ti fojú rí, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gba àgékù lọ́wọ́ télọ̀, mo gé e ní onígun mẹ́rin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. N ó rán méjì pọ̀, n ó ki òwú tí ọkọ wa kó wá láti oko Alájùe sínú rẹ̀, n ó rán ẹnu rẹ̀ pa. Tó bá pọ̀ tó, n ó wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Ọkọ wa ò sí nílé lọ́sẹ̀ náà, ó wà lóko. Èmi, ìyáálé mi àti ìyá ọkọ wa ló wà nílé, nǹkan sì ti ń rú mi lójú láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ọkọ wa ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù ààwẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ìyáálé mi kó àwọn ọmọ wọn kúrò ní iyàrá tó ti tèmi. Bí mo bá wọ ilé ìdáná, ẹnu á pa mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti tọrọ ìró ìyáálé mi kan tó gbó. Wọ́n ní, “Ìró tí mo ti ró sára? Kí lo fẹ́ fi ṣe, ìyàwó?” Mo rò pé ahun ni.

Ẹ̀rù wá bà mí. Ọmọ mi ti sùn lórí àwọn aṣọ wọ̀nyẹn. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe? Mi ò pariwo. Mo pọn ọmọ, mo gbé ìdì náà, ó di iyàrá ìyá ọkọ wa. Mo bá àwọn méjèèjì níbẹ̀, wọ́n dojú ìkòkò kan dé sílẹ̀ láàárín ara wọn.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Má sún mọ́ ìkòkò.”

“Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?”

Ìyáálé mi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ó mà ń bi wá! Ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán!”

Wọ́n fi igi ìdáná ṣí ìkòkò náà. Ẹyọ aṣọ mi tó sọnù ló wà níbẹ̀.

Ìyá ọkọ wa ní, “Odindi ìdì tírà! Ta lo fẹ́ fi mú nínú ilé yìí?”

“Tírà kẹ̀? Ìbora ọmọ ni, Ìyá.”

“Mo ti ń bo aṣọ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ. Wọn kì í rán an ní ìdì ìdì. Nǹkan kan sì le nínú èyí, a ti fi igi tẹ̀ ẹ́. Tú u. Tó bá jẹ́ nǹkan burúkú, ìwọ àti ọmọ rẹ, Sẹ́kọ́nà lẹ máa sùn lónìí.”

Sẹ́kọ́nà ni ilé bàbá mi. Mo yẹ ojú rírán náà wò dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án, torí èmi náà ò mọ ohun tí wọ́n lè ti ki bọ̀ ọ́. Rírán mi ni. Mo fi abẹ là á. Òwú yọ, nǹkan dúdú kan sì yí bọ́ sílẹ̀.

“Ó dé o!” Ìyáálé mi ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Kóró òwú ni,” ni mo wí. “Ojú mi ló fò ó.”

Ìyá ọkọ wa mú un, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n gé e jẹ, wọ́n tu ú dànù. “Kóró òwú ni lóòótọ́.” Mo rò pé ó ti parí. Wọ́n ní, “Tú ìyókù.”

“Gbogbo ẹ̀, Ìyá?”

“Ṣé o rò pé mo gbàgbé kíkà ni?”

Mo la mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Ìyáálé mi ń fi igi tú inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dòfo, òwú funfun gba gbogbo ẹní. Ìgbà tó tán, ìyá ọkọ wa ní, “Ó dáa. Lọ fọ́mọ lọ́mú.” Ìyẹn nìkan. Nígbà tí mo gbé iyán wọn wá lọ́sàn-án, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bù ú jẹ. Mo bù ú jẹ.

Ọjọ́ kejì, mo tún àwọn aṣọ náà rán ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, mo fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ láìrán. Mo bu òwú sínú igbá, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ìyá ọkọ wa. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi ki òwú sí i.” Wọ́n fọwọ́ tú òwú náà, wọ́n ń ṣa kóró inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ki í. Ìṣojú wọn ni mo ti rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìyáálé mi fara ti ẹnu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ. Mẹ́fà la rí ṣe lọ́jọ́ náà.