Òkéwùmí Tí Kì Í Gé Ọjọ́ Orí

Bí ẹ bá dé Gonzagueville ní Abidjan, tí ẹ ní ẹ ń wá Òkéwùmí jórinjórin, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Kóòṣì lẹ ń wá, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Ìgbòho ni wọ́n ti bí mi, Vridi ni mo ti ń jó irin jẹun. Bọ́ọ̀lù tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, kò fún mi ní kọ́bọ̀ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní Kóòṣì, kí wọ́n máa wí pé ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi wà.

Àárọ̀ kùtù la máa ń gbá a, lórí iyanrìn etí òkun, láìwọ bàtà. Àwọn kan rò pé ìṣẹ́ ló fà á. Irọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan wà ní ìgboro nígbà náà tí gbogbo òbí ń gbàdúrà kí ọmọ wọn wọ̀, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù kí bàtà tó dé sáàárín wọn. Ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ gbé e, á fi itan gbé e, á fi orí gbé e, kò gbọdọ̀ jábọ́. Wọn kì í wá ẹni tó lágbára tàbí ẹni tó mọ eré sá. Wọ́n ní agbára á wá fúnra rẹ̀. Ọmọ tó máa ń yíjú wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá fi máa dé, ó ti mọ ibi tó ń gbé e lọ. Wọ́n lè wo ẹgbẹ̀rin ọmọ kí wọ́n mú mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jọ yẹn á máa gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà: ìwé láàárọ̀, bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, oúnjẹ gidi, dókítà.

Ṣùgbọ́n kékeré ni wọ́n ń fẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìlá, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn máa bí. Gbogbo ayé ń gé ọjọ́ orí ọmọ. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Ní 1999, mo mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Adamou lọ, ìwé rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá ni. Dókítà wọn ní kó la ẹnu, ó wò ó, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Eyín ẹ̀yìn tó máa ń yọ fún ẹni tó ti bàlágà ló ń yọ níbẹ̀. Wọ́n lé wa bí ẹni lé ajá tó wọ ilé ìdáná, odindi ọdún kan àtààbọ̀ ni ọmọ kankan láti orí iyanrìn mi ò fi lè dé ẹnu géètì wọn.

Mo búra lọ́jọ́ náà. Mo ní láti òní lọ, ohun tó bá wà nínú ìwé, òun ni. Àwọn òbí á wá bá mi, wọ́n á ní, “Kóòṣì, wọ́n ṣi ìwé yẹn kọ ni, ọmọ náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Màá ní kí wọ́n máa lọ kí n tó bínú. Ó di pé wọ́n ń pè mí ní Òkéwùmí tí kì í gé ọjọ́ orí. Monsieur Koffi tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ náà ṣa ọmọ gbọ́, ó sì máa ń wí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí Òkéwùmí bá ti sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn ju ti ẹni tó jẹun yó lọ.

Nígbà náà ni Àlàmín dé. Ọmọ ará ilé wa ni. Ìgbòho ni baba rẹ̀, Àtàndá, náà ti wá, ó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Ìyá rẹ̀, Sùwéébátù, ń ta abọ́ àti ìkòkò létí títì níwájú pápá wa. Ọmọ náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Màá sọ Yorùbá sí i, á fi Faransé dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wo ọmọ gbá bọ́ọ̀lù báyìí, mi ò tíì rí èkejì rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ kó wálé, á dúró ní òdìkejì títì, á pè é ní Jẹ̀lílì. Mo bi í pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “C'est à la maison, Kóòṣì.” Mo ní ó dáa, orúkọ ilé ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní orúkọ márùn-ún? Mi ò bi í mọ́.

Ní 2001, Monsieur Koffi fúnra rẹ̀ wá sórí iyanrìn wa. Mo pín àwọn ọmọ sí méje méje. Ó dúró sábẹ́ igi àgbọn fún wákàtí kan, orúkọ Àlàmín ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kó tó fi mẹ́ta mìíràn kún un. Ó ní kí n mú àwọn mẹ́rin wá ní Sátidé pẹ̀lú ìwé ìbí wọn, èyí tí a ń pè ní extrait. Àtàndá fi ti ọmọ rẹ̀ rán an sí mi. Mo ṣí i, inú mi bàjẹ́. 1988 ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ní ọjọ́ kejì, Sùwéébátù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Vridi. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sáàárín irin wẹ́wẹ́, mo ní kó dìde kó má ṣe fi orúnkún gba ọgbẹ́.

Ó ní, “Kóòṣì, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ yìí.”

“Ìwé ní mẹ́tàlá.”

“Mo mọ ohun tí ìwé wí. Ọmọ tí mo bí ni mò ń sọ fún yín.”

Mo bọ́ awò dúdú tí mo fi ń jó irin. Mo ní, “Ìyá Àlàmín, gbogbo ìyá ló ń wí bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí.”

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó tún ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ́tùn-ún lósì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí ẹ̀ tí baba ẹ̀ ò fẹ́ kí n sọ.” Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí etí ìró rẹ̀, ó ń tú kókó tó dì síbẹ̀.

Mo rò pé owó ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Níbo ni àwọn obìnrin wa ń di owó sí? Mo gbé ohùn sókè kí àwọn ọmọṣẹ́ mi lè gbọ́. Mo ní, “Sùwéébátù, má tú u. Òkéwùmí kì í gbowó, kì í sì í gé ọjọ́ orí. Bí o bá tú kókó yẹn níwájú mi, ọmọ rẹ ò ní tẹ iyanrìn mi mọ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí títí. Ó wá rọra so kókó rẹ̀ padà, ó ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun.” Ó lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń yìn mí, èmi náà ń mi orí. Ẹ ò rí òmùgọ̀ àgbà.

Ní Sátidé, mo mú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, torí Monsieur Koffi ní kí n má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ka ìwé Àlàmín, ó wo ọmọ náà, ó tún ìwé kà. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀. “Petit, tu as quel âge?” Ó ń bi í ní iye ọdún rẹ̀. Ọmọ náà ò wo Monsieur Koffi. Èmi ló yíjú wò. Ó dúró, ó ń wò mí, bí ìgbà tó máa ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Treize ans.”

Monsieur Koffi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ yìí ò jọ ẹni ọdún mẹ́tàlá lójú òun. Ó ní dókítà kan wà tó ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́, á sì mọ iye ọdún ọmọ. Ó ní, “Bí iyèméjì kankan bá wà lọ́kàn rẹ, sọ fún mi. Èmi ni màá gbé e lọ. Mi ò fẹ́ pàdánù eléyìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ.” Ohun tó yẹ kí n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ní lọ́kàn mi, bí egungun bá wá sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ ti gé e kí wọ́n tó kọ mẹ́tàlá? Wọ́n á tún lé gbogbo wa, àwọn mẹ́ta yòókù á bá a lọ, orúkọ mi náà á bá a lọ. Ká sọ òótọ́, orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ní, “Kò sí iyèméjì, Monsieur. Mo mọ ìdílé wọn.”

Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n mú méjì nínú àwọn mẹ́ta yòókù. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Àlàmín di ìwé yẹn mú lórí itan rẹ̀ títí a fi délé.

Ó tún wá sórí iyanrìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kò wá mọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní òkè lọ́hùn-ún, ọjà Àtàndá kú, ọmọ náà fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń gba owó ọkọ̀ nínú gbaka, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń ná Bassam. Bí ó bá rí mi létí títì, á ní kí wọ́n dúró fún mi. “Kóòṣì, ẹ wọlé.” Kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Mo máa ń rò pé ó ti gbàgbé ni, pé kò dùn ún mọ́. Ọkàn ènìyàn máa ń wá ibi tí á sùn sí.

Àtàndá kú ní 2009. Ní oṣù kẹta 2011, nígbà tí ìbọn ń dún káàkiri Abidjan lórí ọ̀rọ̀ ìbò, ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wa ń gba ọ̀nà Noé, ní ẹnubodè Ghana, sá lọ sílé. Sùwéébátù náà ń di ẹrù. Mo lọ bá wọn dì í. Ó pè mí wọlé, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó yọ páálí pélébé kan tó wé sínú ọ̀rá.

Ó ní, “Ohun tí mo di sí etí ìró wá fún yín ní Vridi nìyí.”

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni Jẹ̀lílì. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 1990. Gbogbo abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́.

Mo jókòó sórí ẹrù. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Àlàmín ni àkọ́bí rẹ̀, 1988 ni wọ́n bí i, ibà ló pa á kó tó pé ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n bí Jẹ̀lílì, Àtàndá ò lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lọ gba ìwé fún un. Ó ní ìwé wà nílé, kí ni àlejò tún ń wá lọ síwájú àwọn aláṣẹ? Kì í ṣe òun nìkan. Púpọ̀ nínú àwa tí a wá láti ilé ló ń ṣe é: bí ọmọ bá kú, ìwé rẹ̀ ò kú, àbúrò ló máa ń wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n. Jẹ̀lílì fi wọ ilé ìwé, gbogbo ayé sì ń pè é ní orúkọ òkú. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé àlejò wò kíkankíkan, Àtàndá ní ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ kó gbogbo wọn sí.

Ó ní, “Mi ò fi ẹnu mi sọ ọ́ rí pé Àlàmín ti kú, Kóòṣì. Mo ní kí káàdì bá mi sọ ọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ mi wọ́ ọ. Sùwéébátù ní kí n dìde, ó ní ọkọ̀ ń dúró. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ọmọ náà wà lórí ọkọ̀ níta, ó ń fi okùn di ẹrù. Ó ti di géńdé, ọmọ ogún ọdún. Mo dúró nísàlẹ̀, mo pè é ní Jẹ̀lílì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ó wò mí. “Ṣé ìyá mi ló sọ fún yín?”

“Òun ni. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀.”

“Ìsinsìnyí?” Ó rọra jókòó sórí ẹrù. “Kóòṣì, mo rò pé ẹ mọ̀ látijọ́, ó ṣe tán, ẹ máa ń gbọ́ bí màmá ṣe ń pè mí. Ọjọ́ yẹn tí mo wò yín, mo rò pé ẹ máa sọ fún Monsieur. Ẹ wá sọ pé treize ans. Mo ní ó dáa, mi ò mọ̀ ọ́n gbá tó ni, ẹ ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú mi.”

Ọdún mẹ́wàá ló fi gbé ìyẹn sínú, tó sì ń ní kí n wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, “Jẹ̀lílì, nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Mi ò rí irú ẹ rí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọ̀dọ́ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà tó ń tù ú nínú. “Merci, Kóòṣì,” ló wí, ó sì padà sídìí okùn rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Èmi tí wọ́n máa ń ní bí mo bá ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó gbà mí gbọ́, kò gbà mí gbọ́. Ìyá rẹ̀ wọlé síwájú, ó ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ sì gba ọ̀nà Bassam lọ.