Bùràímọ̀ àti Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Pẹ́dà

Bí ẹ bá dé Tampouy, àdúgbò kan ní Ouaga, tí ẹ ń wá ṣọ́ọ̀bù Bùràímọ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti béèrè. Ẹ dúró, kí ẹ tẹ́tí. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló dití, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà lẹ́bàá títì tó lọ sí Ouahigouya: ṣéènì, bíréèkì, táyà, túùbù, àti àwọn irin wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ pé òun àti Ọlọ́run nìkan ló mọ orúkọ wọn. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá tó bí i, Bouaké ni wọ́n bí i sí, ogun ló sì gbé e dé Ouaga. Bó bá ń sọ Yorùbá, Faransé á yọjú sí i. Bó bá ń sọ Faransé, Dioula á dá sí i. Bí inú bá wá bí i, gbogbo wọn á jọ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi Bàlíkíìsì, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Sankaryaré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Bùràímọ̀ fẹ́, ìyẹn ló fún mi láṣẹ láti sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Kí àwọn àgbà tí mo fẹ́ dárúkọ foríjì mí: n ó máa pe ẹnì kan ní "ó", kí ẹ má baà rò pé èrò pọ̀ nínú ìtàn tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ò sì mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Ó rákò wá sí ṣọ́ọ̀bù Bùràímọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó fi bàtà sílípáàsì méjì bọ ọwọ́, ó ní òun fẹ́ túùbù tó ti bẹ́, kí òun lè fi di orúnkún nítorí pé títì ń jó òun. Bùràímọ̀ fún un ní túùbù, ó dì í fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ọkùnrin náà sì dúpẹ́, ó rákò lọ. Lọ́jọ́ náà, Bùràímọ̀ ò jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi fi oúnjẹ ránṣẹ́, ó dá a padà. Bùràímọ̀ tí mo mọ̀ yìí, bí wọ́n bá ń sìnkú lọ́wọ́, á béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n wá wò ó, bóyá ibà ni.

Kì í ṣe ibà. Ní ọjọ́ kejì ó sọdá títì lọ bá Ousmane, wẹ́dà kan tó ń jó irin níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Mossi tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó kó irin àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Kí la lè fi ìwọ̀nyí ṣe?" Ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, àti pẹ́dà tí ẹni tó jókòó á máa fi ọwọ́ yí níwájú àyà rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó rí ọkùnrin onítúùbù náà mú. Nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ yẹn, ó yí agbègbè ọjà Tampouy ká títí tí òógùn fi bò ó, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹ Jẹ́ Á Lọ. A ò ní bureau, ìyẹn ọ́fíìsì, a ò ní pátákó, a ò sì ní òyìnbó kankan tó ń ya wá ní fọ́tò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni à ń ṣiṣẹ́. Bùràímọ̀ ń mú irin wá, Ousmane ń jó o pọ̀, èmi ń fi àjákù aṣọ rán ìjókòó. Aṣọ olódòdó ni mo máa ń yàn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún bàtà ṣe ní àdúgbò Patte d'Oie ní òun ọkùnrin kò lè jókòó lórí òdòdó. Mo ní kó dá ìjókòó padà, kó jókòó lórí irin. Ó jókòó lórí òdòdó.

Màmá Rukia ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Tamale, ní Ghana, ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ti ń ṣòwò nígbà tí wọ́n bí i. Àìsàn kan gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, ọwọ́ ló sì fi ń rìn látìgbà náà. Ọmọ Mossi kan fẹ́ ẹ, ó gbé e wá sí Ouaga, ó sì kú sí i lọ́wọ́. Irú ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà Sankaryaré, èyí tí wọ́n ń pè ní sumbala níbí. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó ní kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ló máa ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wá kú. A bá aládùúgbò kẹ́dùn, ṣùgbọ́n Màmá Rukia gan-an ló ṣòfò.

Larissa, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń pè é ní Mémé, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà wà ní Abidjan, ó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ. Larissa ti dé kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹfà ni ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé Màmá Rukia tó jókòó fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá ra irú lọ́wọ́ rẹ̀, á bu díẹ̀ lé e fún yín, á ní kí ẹ bá òun ṣe àdúà kí Larissa jókòó fún ìdánwò yẹn. Èmi náà ti ṣe àdúà yẹn títí, nítorí mo fẹ́ràn irú.

Nígbà tí Bùràímọ̀ gbọ́ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kú, ó ní kẹ̀kẹ́ Màmá kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó dì í pa, kò jẹ́ ká rí i. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé e fún un, ó wọ agbádá, ó ra mínírà, ó pe gbogbo àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe ládùúgbò. Ó ṣí aṣọ lójú kẹ̀kẹ́. Ó dára, n kò ní purọ́. Àwọ̀ ewé ló kùn ún, ìjókòó rẹ̀ nípọn, ó sì ṣe ibi ẹrù sí i lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí pẹ́dà. Irin gígùn kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn á fi máa tì í.

Ousmane, tí kì í sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. "Patron, mo ní kí n fi pédale sí i, ẹ kọ̀."

"Mo kọ̀ ni," Bùràímọ̀ dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ dé Ouahigouya. "Àwọn yòókù, ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Ìyá tó tó bí mi, kí n wá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́? Ìyá á jókòó, ọmọ á tì í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá Rukia wo irin gígùn náà, ó wo Larissa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Barka. Ọlọ́run á san án fún yín." A mu mínírà, a túká.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, mo jáde lọ ra irú. Mo bá Larissa tó sùn lọ lórí àpò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Mo jí i. Mo béèrè bóyá wọ́n gba ìsinmi nílé-ìwé.

"Rárá, tantie," ó ní. "Èmi ni mò ń ti Mémé wá. Bí mo bá padà lọ, ta ló máa tì í délé? C'est pas grave. Kò burú."

Màmá Rukia ń to irú rẹ̀, kò gbójú sókè. N kò ra irú mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba Tampouy lọ.

"Bọ̀dá," mo ní, "Larissa ò lọ sílé-ìwé mọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Kẹ̀kẹ́ yín ló ṣe é."

Ó wò mí títí. "Bàlíkíìsì, ṣé o ti jẹun?"

Mo ṣàlàyé fún un. Dípò kó gbọ́, inú bí i, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tú jáde. Ó ní ṣé kí òun wá jẹ́ kí ìyá arúgbó máa wa kẹ̀kẹ́ láàárín títì, kí gbogbo Ouaga máa wò ó, kí wọ́n sọ pé Yorùbá ò ní ọmọ tó lè sin ìyá? Ó ní níbi tí ọmọ bá wà, àgbà kì í ṣe iṣẹ́ agbára.

"Ọmọ tó wà níbẹ̀ yẹn," mo ní, "ibòmíràn ló yẹ kó wà."

Ó dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ó rìnrìn àjò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé moto rẹ̀, ìyẹn alùpùpù, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Dìde," ó ní. "Jẹ́ ká lọ bá Màmá."

A bá a lórí ẹní. Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni?" Màmá Rukia ní. "O wọ agbádá, o kó èrò jọ, o ra mínírà. Ṣé kí n wá ní n kò fẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Ọwọ́ yín ni mò ń rò, Màmá. Ẹ ti dàgbà fún pẹ́dà."

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Bùràímọ̀ nawọ́ sí i. Màmá fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú un, ó sì fún un pinpin. Mo rí i tí ojú Bùràímọ̀ yí padà. Ó fẹ́ rọra yọ ọwọ́, kò yọ.

"Ọwọ́ yìí ni ẹsẹ̀ mi láti kékeré," Màmá ní. "Òun ni mo fi rìn wọ ilé ọkọ."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Mo ti gbọ́."

"O ò tíì gbọ́." Ó tún fún un díẹ̀ sí i. Larissa bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín rẹ̀ sì mú èmi náà.

Màmá wá fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ti ọmọ yìí ló ń dùn mí. Ó ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé kò burú. Ọmọ ọdún méjìlá tó bá ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí pé kò burú, ó ti burú." Ó sunkún. N kò tíì rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Ousmane gé irin gígùn yẹn kúrò ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Màmá Rukia jókòó tì wọ́n, ó ń fi ìka hàn wọ́n ibi tí òun fẹ́ kí pẹ́dà wà, Bùràímọ̀ sì ń wá ṣéènì tó fúyẹ́ jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ajé, Larissa padà sílé-ìwé. Olùkọ́ rẹ̀, Nathalie, pariwo mọ́ ọn díẹ̀, ó sì ń dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, kó lè bá wọn dọ́gba nínú ẹ̀kọ́. Màmá ń dá wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Sankaryaré. Ó kọ́kọ́ ń pẹ́, nígbà tó yá kò pẹ́ mọ́.

Bùràímọ̀ nìkan ni kò gbádùn. Bó bá rí i tó ń kọjá, á ju iṣẹ́ sílẹ̀, á sáré tẹ̀ lé e, á ní òun kàn fẹ́ kí i ni, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Màmá á tẹ bíréèkì, á sì dúró síbẹ̀ títí tí Bùràímọ̀ yóò fi padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù kẹfà dé. Ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò, ó sì jìnnà. Màmá ní òun fúnra òun ló máa gbé ọmọ òun lọ. Ó gbé Larissa jókòó síbi ẹrù, ọmọ náà wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ àti bàtà funfun. Èmi àti Bùràímọ̀ tẹ̀ lé wọn lórí moto, a ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà sì ti di ẹrẹ̀. Níbẹ̀ ni táyà rì sí.

Larissa dìde, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tì í. "Mémé, ẹ jẹ́ kí n—"

"Jókòó," Màmá ní. "Ọwọ́ tó fẹ́ kọ ìdánwò kò ní ti kẹ̀kẹ́ lónìí."

Bùràímọ̀ ti já bọ́ lórí moto, ó ti wọ inú ẹrẹ̀. Màmá Rukia yíjú sí i. "Ìwọ náà, fọwọ́ sẹ́yìn."

Bùràímọ̀ fọwọ́ sẹ́yìn. Màmá yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀, ó fi àyà lé e, ó sì yí i síwájú. Kẹ̀kẹ́ ò lọ. Ó tún yí i. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wò ó. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, òógùn bò ó lójú, n kò sì mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run. Táyà náà rọra kúrò nínú ẹrẹ̀, ó gun orí ilẹ̀ líle, ó sì lọ tààrà dé iwájú ilẹ̀kùn. Larissa sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ kò ní àbàwọ́n kankan. Ìyá rẹ̀ àgbà fi etí ìborùn nu ojú ara rẹ̀, ó ní, "Wọlé lọ," ọmọ náà sì wọlé.

Mo wo Bùràímọ̀. Ó ṣì wà láàárín ẹrẹ̀ tó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ tó máa fi nù ún, nítorí pé Màmá ò tíì ní kó tú u sílẹ̀.