Ohùn Tí Mo Pa Rẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo wà, èmi ni akọ̀wé ní bùró ìjọba kan ní Ṣábẹ̀. Láti Pobẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi lọ síbẹ̀, mo sì ń kùn lójoojúmọ́ nítorí oòrùn àti àwọn òkè olókùúta tó dojú kọ fèrèsé mi. Iṣẹ́ mi ni láti gba ohùn ìpàdé sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí n sì pa ohùn náà rẹ́ ká lè tún kásẹ́ẹ̀tì lò. Pípa á rẹ́ kò le: màá ti ilẹ̀kùn, màá ní kí ẹ̀rọ máa gba ohùn, màá sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi á gorí ọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí oko àjùmọ̀ṣe, àgbẹ̀ kan láti Sakin dìde. Bàbá yìí máa ń gbé iṣu wá fún mi, á ní kí ebi má pa ọmọ àlejò kú sí àwọn lọ́rùn. Ó wo àwọn aṣojú ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin kàmáráàdì tí ẹ ní ilẹ̀ ti di ti gbogbo wa, ta ló ti kọ ebè kan rí nínú yín?"

Ewúrẹ́ kan ké lábẹ́ fèrèsé, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì náà, pé àwọn kan ń bọ̀ láti Kútọnu wá gbọ́ ọ.

Wọ́n ti mú olùkọ́ kan rí nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ti bàbá yìí balẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kò fọ́. Inú bí mi sí i, àgbàlagbà tí kò lè pa ẹnu mọ́! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ sí oko àjùmọ̀ṣe, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dákẹ́ lé e lórí.

Àwọn àlejò dé, a fi kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tí mo pa rẹ́, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi, tín-ín-rín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga: "...ebè kan rí..." Píìlì, ìyẹn bátìrì ẹ̀rọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ náà. Agbára rẹ̀ kò tó láti pa ohùn rẹ́ tán.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yí ohùn sókè. "Ta nìyẹn?"

Ọ̀gá mi wò mí, òógùn bò ó. Bùró tirẹ̀ ni wọ́n ti ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́, ẹ̀sùn á kan òun náà. "Píìlì ló ti kú, kàmáráàdì. Ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Àlejò ní kò burú, láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn á mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Kútọnu, níbi tí ẹ̀rọ tó dáa wà.

Lọ́sàn-án yẹn mo tú rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo yọ òòfà ẹ̀yìn gbohùngbohùn rẹ̀. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà ti kìlọ̀ fún mi rí pé òòfà kì í ṣẹ́ ohùn kankan kù. Mo fi í ra kásẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì títí apá fi ń ro mí. Ọ̀gá mi rí mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n dá a padà pé ó ti bàjẹ́, mo sì tọ́jú rẹ̀. Bàbá kọ ebè rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i, orí ẹní rẹ̀ ló sì kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Kaboua wá bá mi. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ò ya fọ́tò rí. Wọ́n ní ohùn wọn wà lọ́dọ̀ yín."

Ojú tì mí gan-an. N kò lè sọ fún un pé èmi ni mo pa á rẹ́. Mo fi píìlì tuntun àti kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ, mo ní kó gbọ́ fúnra rẹ̀, kó lè gbà pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́.

Ṣíì, ṣíì nìkan ni mo gbọ́. Obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè gbọ́ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Màdáàmù," ó ní, "ewúrẹ́ ta ló ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn yẹn?"