Ọjọ́ Tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù Kú Lójú Ìyá Àgbà

Òórùn àkàrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká. Ìyá Àgbà ti dáná kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, torí pé Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti wọlé lálẹ́ àná.

Ìṣirò owó ni wọ́n rán Bàbá Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ lókè òkun, ni wọ́n bá ya sídìí eré. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú dúró lórí ìtàgé, láìsọ gbólóhùn kan. Nígbà tó yá, wọ́n jọba lórí ìtàgé, wọ́n ṣe dókítà, wọ́n ṣe adájọ́ nínú fíìmù, títí àwọn òyìnbó fi ń dìde pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá Àgbà á ní, "Dókítà! Adájọ́! Ẹni tí ò jókòó ṣèdánwò ìkankan nínú ẹ̀!"

Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò wo iṣẹ́ ọmọ wọn rí, ó sì ń dun ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù fi gbé síìdì fíìmù tó lókìkí jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn wálé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n kú nínú ẹ̀.

"Èèwọ̀! Òbí kì í wo òkú ọmọ."

"Eré ni, Màámi."

"Ojú mi ò mọ eré."

Bàbá mi ló bá wọn parí ẹ̀. Èmi ni n ó mú rìmóòtù dání. Bí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù bá ti dùbúlẹ̀ nínú fíìmù, kí n dá a dúró.

Iná wà, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan, ẹnu mi là sílẹ̀. Wọ́n gẹṣin, wọ́n lé ọmọ wọn jáde nílé, wọ́n sunkún ẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀. Mo di rìmóòtù mú bí ẹni di igi mú, mi ò rántí tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún mí kékeré kan. Ó tán.

Ìyá Àgbà figbe ta! Ará ilé ya wọlé. Ààfáà òdìkejì ti ṣe "Ìnnà lílláhì" kó tó béèrè ẹni tó kú. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù fò dìde, ti àkàrà ti àkàrà lẹ́nu: "Màámi, èmi rèé! Mò ń jẹun!"

Ìyá Àgbà fọwọ́ pa wọ́n lórí títí dé àgbọ̀n. "Àlàó, mímí yẹn... Bàbá ẹ ló mí bẹ́ẹ̀."

"Àwọn náà ni, Màámi. Itan mi ni wọ́n gbórí lé lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."

Mo ti ń wo ọ̀nà ìta, torí bàbá mi ń wò mí. Ni Ìyá Àgbà bá yíjú sí mi: "Dá a padà sẹ́yìn. Ọkọ mi ni mo fẹ́ wò."

Ẹ̀rín ni mo fi gbogbo ẹ̀ rín nígbà ọmọdé mi. Mò ń sín igbe Ìyá Àgbà jẹ kiri títí dé Ọjà'ba, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yí nílẹ̀. Ní báyìí, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Láìpẹ́ yìí, iléèwé ọmọ mi ṣeré, òun ni wọ́n fi ṣe ọmọ ọba tó kú. Ó kú tán, ó ń fojú kan yọ́ èèyàn wò, gbogbo òbí ń rẹ́rìn-ín. Èmi géńdé, bàtà mi ni mò ń wò títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́.