Ọkọ̀ Ìbò Tí Kò Gbé Nọ́ọ̀sì Salome

Nọ́ọ̀sì Salome Temoa kú ní ọ̀sán ọjọ́ ìdìbò, lórí ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbẹ̀bí fún wa, nínú ilé ìwòsàn Nupalo ní erékùṣù wa. Láti ojú fèrèsé yàrá náà, èèyàn lè rí àwọn ará ìlú tí wọ́n tò síwájú ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n láti dìbò. Ìfun rẹ̀ kan ló wú, tó sì bẹ́ sínú. Irú àìsàn tí dókítà ń fi abẹ mú kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú ni. Àwa ò ní dókítà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la ní, òun náà ló sì ń ṣàìsàn.

Wọ́n ní kí n má fi ìbínú kọ ọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí, ọmọlúàbí èèyàn, ní òkú la ń dárò, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tutù díẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

Malaita, erékùṣù ńlá kan tó jìnnà sí tiwa, ni wọ́n ti bí Salome. Ọmọge ni nígbà tí ìjọba ní Honiara, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, rán an wá sọ́dọ̀ wa, ọdún méjì péré ni wọ́n sì pè é. Àpótí aṣọ kan àti gìtá kan ló gbé sọ̀kalẹ̀. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti kọ́ mi ní èdè yín, Mà. Mi ò ní pẹ́ lọ." Ọdún méjì yẹn di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wá gbọ́ èdè wa débi pé ó ń fi bú wa. Bí obìnrin bá ń rọbí tó sì ń pariwo, á ní, "Rọra, ìyá. Ọmọ yẹn ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, á padà sẹ́yìn." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín láàárín ìrora, ọmọ á sì bọ́ síta. Méjì nínú àwọn ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn wọ́n láyé.

Nísinsìnyí tó ti kú, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé ìfẹ́ wa ló mú un dúró. Irọ́ ni. Salome fẹ́ lọ. Ọkùnrin kan ní olú ìlú agbègbè wa fẹ́ fi í ṣaya, ó dúró, dúró, títí ó fi gbé ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ kú ní Malaita, wọ́n sì ti sin ín tán kí ìròyìn tó kàn án. Ìgbà gbogbo tó bá di ẹrù rẹ̀, oyún ẹnìkan á ti wọ oṣù. "Tí mo bá lọ lónìí, ta ni yóò gba ọmọ Ini?" Bí Ini bá bí tán, oyún ẹlòmíràn á ti yọ. Ẹni tó máa gbapò rẹ̀ kò dé rí. Bí ẹja ṣe ń wọ ìgèrè ló ṣe wọ erékùṣù wa: ẹnu ọ̀nà fẹ̀, kò sí ibi àbájáde.

Ta ló hun ìgèrè yìí? Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ẹkùn ìdìbò wa, torí ikú Salome kò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò.

Vaikau Ìlà-Oòrùn: erékùṣù mẹ́fà, aṣòfin kan. Josaia Menoli la kọ́kọ́ dìbò yàn, olùkọ́ ìjọ, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju bàtà lọ, tó máa ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán. Òun ló kọ́ ilé ìwòsàn wa. Èjìká rẹ̀ ló fi ru sìmẹ́ńtì láti etíkun. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, a ní, "Kí ni Menoli gbé wá sílé tèmi?" Ilé ìwòsàn kì í ṣe ti ẹnìkan, nítorí náà kò sí ẹni tó kà á sí ẹ̀bùn. A yọ ọ́. Àwa náà kúkú lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bartimeus Teluo, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹni tó bá tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì dé sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé e, kó máa fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ. Ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ẹjọ́ fagi lé e pé ó ń pín ẹrù fún olùdìbò. Wọ́n tún ìbò dì. Ta ló wọlé? Àbúrò rẹ̀. Kí ló fi wọlé? Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Hudson Vakea. Ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ló ti bá wọlé, ẹgbẹ́ kan fún ìbò kan, ẹgbẹ́ yòówù tó bá sì gbàjọba, ẹ ó bá a níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Olùdíje máa ń pọ̀ débi pé ọmọ ìyá méjì ń bá ara wọn du ìjókòó kan náà, ìbò á fọ́ sí wẹ́wẹ́, Vakea á sì fi ìdá kan nínú mẹ́fà gbé e. Àwọn tó ṣẹ́ kù, tí wọn kò dìbò fún un, òun náà ni aṣòfin wọn. Orúkọ tí a ń pe èyí ni ìjọba àwa ara wa.

Ní ìbò tó ṣáájú èyí, ó wá polongo lábẹ́ igi ńlá etíkun. Salome dìde.

"Ọnárébù, ẹ káàbọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ṣèlérí pé a ó máa fi gbé aláìsàn ti dé."

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní mi kì í sọ̀rọ̀ lásán."

"A rí i, Sà. Adìẹ ti pamọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Vakea náà rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ọ́n rín. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà dìbò fún mi. Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lẹ́yìn ìbò."

"Ẹni tó máa gbapò mi ńkọ́?"

"Òun náà, lẹ́yìn ìbò."

"Ọnárébù, ẹ̀yìn ìbò yín yìí, ṣé ó jìnnà ju Honiara lọ ni?"

Ọdún mẹ́rin kọjá lórí ẹ̀rín yẹn. Ọkọ̀ aláìsàn wà lábẹ́ igi. Bátìrì rédíò tí ilé ìwòsàn fi ń ránṣẹ́ kú, kò sì sẹ́ni tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo ti kúrò nílé tipẹ́, Honiara ni mò ń gbé, tí mo ti ń ṣe tísà, ṣùgbọ́n mo ti padà sílé ṣáájú ìbò yìí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, wọ́n wá pè mí láàárọ̀. Mo bá Salome lórí ẹní, ó ká bí ọmọ inú oyún. Ó ti fọwọ́ tẹ ara rẹ̀ wò.

"Àpẹ́ńdíìsì ni, Tísà. Abẹ ló ń fẹ́, kì í ṣe oògùn. Ẹ wá ọkọ̀ fún mi."

Àárọ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ ńlá kan yọ lójú omi. Vakea ló háyà rẹ̀ láti kó àwọn ọmọ ẹkùn wa tó wà ní Honiara wá dìbò nílé. Ìyá kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé Ọlọ́run ló rán an. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá àpáta abẹ́ omi tó yí wa ká, nítorí náà a tẹ́ Salome sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, a sì wà á lọ bá wọn. Alden Nimeu, aṣojú Vakea, ọmọ erékùṣù wa, ló dúró létí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Alden," mo ní, "Nọ́ọ̀sì rèé. Ẹ bá wa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá."

"Mo rí i. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣùgbọ́n, Tísà, ẹ wo èrò. Erékùṣù méjì ló kù tí a máa já wọn sí. Bí a bá yí padà báyìí, ìdìbò á parí mọ́ wọn lójú."

"Ó lè kú."

"Ta ló ní á kú? Àbí ẹ fẹ́ kí n da ìbò gbogbo èèyàn yìí sómi?"

Ọ̀gá atukọ̀ jáde, àgbàlagbà tí kì í ṣe ará ibí. Ó wo inú ọkọ̀ wa, ó mi orí. "Ẹni tó háyà ọkọ̀ ló ni ibi tó ń lọ, arákùnrin. Bó bá ní kí n yí i, mo ti yí i nìyẹn. Ẹ bi í."

Alden wọlé lọ fi fóònù inú ọkọ̀ pe Vakea. Àwọn kan nínú èrò ń pariwo pé kí wọ́n gbé e, àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Obìnrin kan tú ìró kejì tó ró, ó jù ú sílẹ̀ sí wa kí a fi ṣíji bo aláìsàn. Alden padà jáde.

"Ọnárébù ní kí ẹ máa gbàdúrà. Ó ní bí ìbò bá ti parí, ọkọ̀ á wá gbé e."

Salome gbórí díẹ̀. "Alden, ìbejì rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Mà."

"Ìkejì fẹsẹ̀ jáde, ṣó o rántí?"

Ó kọjú sí òkun. "Mo rántí, Mà."

"Ó dáa. Bá mi kí wọn." Ó yíjú sí mi. "Ẹ dá mi padà sílé, Tísà. Oòrùn yìí ń pa mí."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ti dìbò ń wọlé wá dì í lọ́wọ́ mú, ìka wọn ṣì dúdú fún tàdáwà ìbò. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó ń kọ́ Ini bí wọ́n ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ, ó ní kó sọ ọ́ padà fún òun, Ini ń sọ ọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò sọ ọ́ tán tí Salome fi dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ọlọ́pàá dé fún àpótí ìbò ní wákàtí tí wọ́n dá gan-an. Àpótí náà kò ṣàìsàn. Ọkọ̀ Vakea náà padà wá, kò parọ́. Ó wá kó àwọn olùdìbò padà sí Honiara. A ti sin Salome.

Vakea wọlé. Ìbò tó fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e kò tó èrò inú ọkọ̀ yẹn. Ṣé ó yé yín báyìí ìdí tí ọkọ̀ kò fi lè yí padà? Ó fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí ìsìnkú, àti tapólì ńlá tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí, kí òjò má bàa pa àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sọ lórí rédíò pé òun máa fi orúkọ Salome Temoa sọ ilé ìwòsàn Nupalo. Ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì, ó kúkú yẹ kó ní orúkọ.

Ọnárébù, ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn sinmi. Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Ẹ jáde síta, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún Alden lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹ sọ ọ́ níwájú adájọ́ tó ń wádìí ikú, kí ọ̀gá atukọ̀ náà jẹ́rìí. Kí àjọ tó ń ṣètò ìbò sọ fún wa irú òfin tó fi gbogbo ọkọ̀ orí omi sílẹ̀ fún ìbò, tí kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún olùdìbò. Kí ilé iṣẹ́ ìlera sì dárúkọ ẹni tó ń ka ẹ̀bẹ̀ Salome pé kí wọ́n rán ẹni tó máa gbapò òun wá, fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó sì ń tì í sẹ́yìn.

Rúùtù Meabo, ìyàwó ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ní Nupalo, máa bímọ nínú oṣù tó ń bọ̀. Oyún àkọ́bí ni, ọmọ náà sì dábùú nínú ikùn. Kò sí ìbò lóṣù yẹn, nítorí náà ọkọ̀ kankan kò ní í wá. Ẹ rán nọ́ọ̀sì.