Agogo Tí Bàbá Mi Wá Tú Lọ

Ní kété tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan n'Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Màá sọ fún wọn pé ogun ti gbẹ àpò ọba, ló bá bu owó-orí lé àwọn ará òkè òkun, lórí ìwé, lórí tíì. Wọn ò sì ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń bu owó náà. Wọ́n kọ̀, wọn ò ra ọjà ọba mọ́, wọ́n da tíì sómi. Ọba kó sọ́jà tì wọ́n, ó ti èbúté wọn pa, ọ̀rọ̀ bá di ti ìbọn.

Ọmọbìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Mà, àwọn tí bàbá wọn wà lẹ́yìn ọba ńkọ́?” Ìwé ọwọ́ mi ò sọ ìyẹn. Mo ní kó jókòó.

Kò mọ̀ pé ojú egbò ló tẹ̀. Lójú ọ̀nà Èmùré ni abúlé ọkọ mi wà, a sì ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan níbẹ̀, ẹ̀ka ìjọ ńlá tó wà n'Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi jẹ́ àgbà nínú ìjọ ńlá yẹn. Àwọn ló máa ń wá kéde owó tí wọ́n bá bù lé ẹ̀ka. Ọdọọdún lowó náà ń ga sí i. Ìjọ ńlá fi ra dùùrù. Òrùlé tiwa ń jò. A bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan nínú wa máa bá wọn jókòó nígbìmọ̀. Wọ́n ní ọmọ kì í bá bàbá ẹ̀ jókòó ìgbìmọ̀. Inú bí mi kọjá sísọ.

Nígbà ìkórè, ọkọ mi dìde, ó sọ lójú gbogbo ìjọ pé a ò san mọ́, a ti dá dúró. Kò pẹ́ tí ìjọ ńlá fi rán èèyàn wá tú agogo wa, torí àwọn ló fún wa. Bàbá mi ló ṣíwájú wọn. Oyún mi ti yọ nígbà náà. Bàbá mi gba iwájú mi kọjá bí ẹni tí ò rí mi. A gbé ríìmù lọ́rì kọ́ sórí igi máńgòrò, òun la wá ń lù. Kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n tiwa ni.

Mo bímọ, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún bàbá mi. Wọn ò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Mo sunkún. Ṣé ọmọ mi á wá dàgbà láìjẹ́ pé bàbá tó bí mi lọ́mọ gbàdúrà lé e lórí?

Ọjọ́ Ìsinmi tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ “Àmín” kan láti ìta, tó ju ti gbogbo wa lọ. Mo mọ ohùn yẹn. Mo yọjú. Bàbá mi ló jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, lábẹ́ ríìmù, Bíbélì lórí itan.

Ọkọ mi sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.”

“N ò wọ ulé ọlọ̀tẹ̀,” ni wọ́n wí. “Gbé ọmọ mi fún mi.”

Orí kunkun tí mo ń bá wọn jà, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti jogún ẹ̀. Mo gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà títí tí ọmọ fi sùn.

Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé ti jáde ìwé kí n tó mọ èsì ìbéèrè rẹ̀. Bàbá mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa títí wọ́n fi kú. Gbogbo ọmọ tí mo bí, ìta ni wọ́n ti ṣúre fún wọn.